Nígbà Tí Ilẹ̀ Bá Sá Lábẹ́ Ilé

Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ni àwòrán kan ti ń dà mí láàmú. Ìlú Niigata ní Japan ni wọ́n ti yà á, lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 1964 tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 7.5. Àwọn ilé alájà mẹ́rin tí ìjọba kọ́ fún àwọn ayálégbé ní Kawagishi-cho ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ṣì dúró, èkejì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òmíràn ti fẹ̀yìn lélẹ̀ débi pé èèyàn ń rí ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní gbangba.

Ilé tó wó kì í ṣe tuntun létí ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ ìròyìn ìmìtìtì ilẹ̀ rí. Ohun tí kò jẹ́ kí àwòrán yẹn kúrò lọ́kàn mi ni pé àwọn ilé wọ̀nyí kò fọ́. Ògiri wọn wà bó ṣe wà, òpó wọn kò ṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi jáàkì gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn nàró, wọ́n gún òpó gígùn wọlẹ̀ lábẹ́ wọn, àwọn èèyàn sì padà lọ ń gbé ibẹ̀. “Omi ló dànù, agbè ò fọ́” la fi ń tu ẹni tí àdánù bá nínú. Níbí, agbè ò fọ́ lóòótọ́, àmọ́ ibi tí wọ́n gbé e kà ló ti yẹ̀.

Ẹni tó ya àwòrán tí wọ́n tẹ̀ lé kọ́ ilé náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó po sìmẹ́ǹtì àti ẹni tó to irin, àwọn náà ṣe tiwọn. Ilẹ̀ ló jáwọ́. Ìbéèrè tó wá ń tẹ̀ lé mi kiri ni pé: bí iṣẹ́ ilé bá wà lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí, ọwọ́ ta ni iṣẹ́ ilẹ̀ wà?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín hóró iyanrìn

Ẹ dúró lórí iyanrìn tútù létí omi, kí ẹ sì máa gbọn ẹsẹ̀ yín wìrìwìrì lójú kan. Omi á sun jáde, ilẹ̀ tó le koko lẹ́ẹ̀kan á rọ̀, ẹsẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ odindi àdúgbò lọ́jọ́ ìmìtìtì ò yàtọ̀ sí ìyẹn.

Iyanrìn kì í lẹ̀ mọ́ra bí amọ̀. Gbogbo okun tó ní kò ju pé hóró kan fara ti hóró kejì, èkejì fara ti ẹ̀kẹta, títí wọ ìsàlẹ̀ lọ. Ibi tí hóró ti kan hóró ni ẹrù ilé ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Ibi tó bá sún mọ́ odò tàbí òkun, omi ló máa ń kún àlàfo tó wà láàárín wọn. Lọ́jọ́ tí kò sí wàhálà, omi wà láyè tirẹ̀, iyanrìn wà láyè tirẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá wá ń mì, àwọn hóró tí kò kì dáadáa á fẹ́ sún mọ́ra. Kí wọ́n tó lè sún mọ́ra, omi gbọ́dọ̀ kúrò lọ́nà, bẹ́ẹ̀ ìmìtìtì yára ju omi lọ: ìgbọ̀n kan ò tíì tán tí òmíràn fi dé. Omi tí kò ríbi gbà á bẹ̀rẹ̀ sí í ta ko ohun tó yí i ká, agbára rẹ̀ á máa ga sí i, títí yóò fi gba ẹrù ilé kúrò lórí iyanrìn pátápátá. Hóró á jáwọ́ lára hóró. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ilẹ̀ tó ti gbé ilé alájà mẹ́rin fún ọdún pípẹ́ á di ohun tó ń ṣàn. Ìyẹn ni àwọn ẹnjiníà ń pè ní liquefaction. Láti àwọn ọdún 1920 ni ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Karl Terzaghi ti ṣàlàyé ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀: ẹ mú ẹrù tó wà lórí ilẹ̀, ẹ yọ agbára omi kúrò nínú rẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni hóró fi ń di ara wọn mú. Bí omi bá gba gbogbo ẹrù náà, kò sí ohun tó ṣẹ́ kù.

Lẹ́yìn èyí, ohun gbogbo á ṣe bó ṣe máa ṣe nínú omi. Ohun tó wúwo á rì. Ohun tó fúyẹ́ tó sì ní ihò nínú á léfòó: táǹkì epo tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ á yọrí, kòtò onídérí tó wà lójú títì á yọ sókè. Bí bèbè odò bá wà nítòsí, ilẹ̀ á ya, á sì máa wọ́ lọ sódò pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Bí afárá Showa ṣe ṣubú sínú odò Shinano nìyẹn ní Niigata, tuntun ṣì ni. Afárá Bandai tí wọ́n ti kọ́ láti 1929 sì dúró lórí odò kan náà.

Mo wá ilẹ̀ Kawagishi-cho kàn. Ibi tí odò Shinano ń gbà kọjá tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n kún un, wọ́n kọ́lé lé e. Mo rò pé ìdáhùn mi ti dé. Àmọ́ ìtàn San Francisco ló gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá ọ̀rọ̀ odò lójú mi.

Ohun tí iyanrìn gbé jáde ní Marina

Lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1989, ìmìtìtì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 6.9 ṣẹlẹ̀ ní àwọn òkè Santa Cruz ní Kalifóníà. Nǹkan bí 100 kìlómítà ni ibẹ̀ sí àdúgbò Marina ní San Francisco. Ọ̀pọ̀ àdúgbò tó sún mọ́ ibi tó ti ṣẹ̀ jù Marina lọ ni kò rí tó ohun tí Marina rí. Ilé ṣubú níbẹ̀, páìpù gáàsì àti ti omi já, iná ràn, àwọn panápaná sì ń wá omi tí wọn ò rí. Àwọn oníwèé ìròyìn ya iná náà dáadáa. Ohun tó mú tèmi lọ́kàn kéré ju iná lọ púpọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ bá di omi lọ́nà tí mo sọ lókè yẹn, omi tó há náà á wá ọ̀nà jáde nígbẹ̀yìn. Ó máa ń lu ihò sókè, á sì gbé iyanrìn dání. Bó bá dé òkè, iyanrìn náà á ṣe òkìtì rìbìtì, ihò kan á wà láàárín rẹ̀. Irú òkìtì bẹ́ẹ̀ yọ ní Marina. Nínú iyanrìn tó jáde láti abẹ́ ilẹ̀ yẹn ni wọ́n ti rí pákó jíjóná, àti àjákù bébà ọ̀dà tí wọ́n fi ń bo òrùlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ìyẹn wò. Pákó jíjóná láti abẹ́ ilẹ̀. Iná wo ló jó o?

Iná ọdún 1906 ni. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún yẹn, ìmìtìtì ńlá mi San Francisco, iná tó tẹ̀ lé e sì jó ìlú náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó lé ní 3,000 èèyàn tó kú. Àwókù ìlú pọ̀ débi pé wọ́n ń wá ibi tí wọn máa dà á sí. Nígbà tí ìlú fẹ́ gba àlejò àfihàn àgbáyé ti ọdún 1915, wọ́n fa iyanrìn àti ẹrẹ̀ láti inú òkun wá kún etíkun tó jẹ́ ibi omi tẹ́lẹ̀, ó bá àwókù 1906 nílẹ̀. Àfihàn parí, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n sì kọ́lé síbẹ̀. Ọdún 83 lẹ́yìn iná yẹn, àwókù ìmìtìtì kan wà lára ilẹ̀ tó yẹ̀ nínú ìmìtìtì kejì.

Ibí yìí ni mo ti pa ìwé dé. Kì í ṣe ìyanu ló mú mi ṣe bẹ́ẹ̀, ìbínú ni. Ìdí ni pé lọ́dún 1908, kí wọ́n tó kún Marina fún àfihàn yẹn, ìgbìmọ̀ tí ìpínlẹ̀ Kalifóníà gbé kalẹ̀ lábẹ́ Andrew Lawson, onímọ̀ nípa ilẹ̀, ti gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí ìmìtìtì 1906. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ibi tí ilé ti bàjẹ́ jù ní San Francisco ni orí ilẹ̀ tí èèyàn fọwọ́ kún. Inú ìlú kan náà ni, ìran kan náà ló ka ìwé náà, ìran yẹn ló sì tún lọ kún etíkun mìíràn.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ẹni tó mọ ilé náà la sì máa ń fi bá wí. Ní Marina, ẹni tó mọ ilé kò fi itọ́ mọ ọ́. Ẹlòmíràn ló ti fi itọ́ mọ ilẹ̀ dè é, tó gba owó rẹ̀, tó sì ti lọ kí ìrì tó sẹ̀.

Omi tí a fọwọ́ fà wá

Bí mo ṣe ń rò ó lọ́nà yìí ni mo tún padà sí ìtàn Palu ní Indonéṣíà, tí mo ti kà kọjá tẹ́lẹ̀ bí ẹni ń ka ìròyìn ibi gbogbo. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ni, ìwọ̀n ìmìtìtì náà sì jẹ́ 7.5. Omi òkun ru wọ etíkun ìlú náà. Ṣùgbọ́n ní ìgbèríko tó jìnnà sí òkun, ní Petobo, Jono Oge àti Sibalaya, ilẹ̀ gan-an ló ṣí lọ. Kì í ṣe pé òkè ya lulẹ̀ sórí wọn o. Ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú pátápátá. Ẹni tó bá dúró lórí rẹ̀ lè má mọ̀ pé ó dà gẹ̀rẹ́. Ilé, igi, ojú títì àti oko ń ṣàn lọ papọ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà, ilé ń kọ lu ilé, ẹrẹ̀ ń gbé wọn mì. Àpapọ̀ àwọn tó kú nínú ìjàǹbá náà lé ní 4,000. Ọ̀pọ̀ ni wọn ò lè hú jáde láé, ìjọba sì sọ ibẹ̀ di itẹ́ òkú gbogbo wọn.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó lọ yẹ ibẹ̀ wò rí ohun kan. Ipadò kan tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, tí wọ́n ń pè ní Gumbasa, gba ẹ̀gbẹ́ àfonífojì náà kọjá. Ìgbà tí àwọn Òyìnbó Netherlands ń ṣàkóso ibẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ẹ, kí omi lè dé oko ìrẹsì. Ní apá òkè ipadò náà, níbi tí omi rẹ̀ kì í dé, ilẹ̀ dúró. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń bomi rin oko láti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ ṣàn. Omi oko ti ń jò wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, omi abẹ́ ilẹ̀ sì ti gòkè wá títí ó fi sún mọ́ ojú ilẹ̀. Wọ́n ti kọ èyí jáde nínú ìwé ìwádìí lọ́dún 2019. Balaroa tó wà lódì kejì àfonífojì náà kì í mu nínú omi Gumbasa, síbẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ ṣàn, nítorí náà n kò ní sọ pé ipadò ni gbogbo ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ní Petobo, ààlà tó wà láàárín ilẹ̀ tó dúró àti ilẹ̀ tó lọ tẹ̀ lé ipadò náà débi pé èèyàn lè fi ìka tọ ọ́ lórí àwòrán sátẹ́láìtì.

N kò bá àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ wí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn wí. Omi yẹn ló bọ́ baba ńlá wọn, òun ló bọ́ àwọn náà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Àmọ́ ní Palu, ìyàn ni wọ́n ń lé tí wọ́n fi la ẹnu ògiri, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé aláǹgbá wà nítòsí. Àwọn tó ní ìmọ̀ ilẹ̀ lọ́wọ́ ló yẹ kó máa wọn gíga omi abẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n sì wí fún wọn bí ó ṣe ń gòkè.

Nígbà tí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró

Iyanrìn nìkan kọ́ ni o. Lọ́dún 1964 kan náà, oṣù mẹ́ta kó tó di ti Niigata, ìmìtìtì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 9.2 mi Alaska. Ní Turnagain Heights ní ìlú Anchorage, amọ̀ tó wà lábẹ́ àdúgbò náà sọ agbára rẹ̀ nù, bèbè etíkun sì fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó ń yọ̀ lọ sókun. Nǹkan bí ilé 75 ló bá a lọ. Orí ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì ọdún yẹn ni ọ̀pọ̀ ohun tí ẹnjiníà mọ̀ lónìí nípa ìwà ilẹ̀ nígbà ìmìtìtì ti bẹ̀rẹ̀.

Ó sì máa ń pẹ́ kó tó hàn nígbà mìíràn. Ní oṣù Kejì ọdún 1971, ìmìtìtì mi àgbègbè San Fernando ní Kalifóníà. Ìsédò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi iyanrìn àti ẹrẹ̀ tí omi gbé wá mọ. Ìwádìí fi hàn pé lẹ́yìn tí gbígbọ̀n líle ti rọlẹ̀ ni ara ìsédò náà tó yọ̀ wọ inú omi. Ohun tó kù láàárín omi àti òkè ìsédò kò ju mítà kan àtààbọ̀ lọ. Wọ́n kó nǹkan bí 80,000 èèyàn kúrò nílé títí wọ́n fi fa omi náà sílẹ̀. Mo máa ń ronú nípa ẹni tó jáde síta lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, tó rí i pé ilẹ̀ ò mì mọ́, tó sì mí kanlẹ̀ pé ó tán.

Ní Christchurch ní New Zealand, kò tán fún ìgbà pípẹ́. Ìmìtìtì oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010 sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀, wọ́n kó o dànù. Ti ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2011 tó pa èèyàn 185 tún dé, ilẹ̀ kan náà tún di ẹrẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi ṣọ́bìrì kó o kúrò nínú ọgbà àwọn arúgbó. Òmíràn dé ní oṣù Kẹfà, ó tún jáde. Iyanrìn tó bá ti ṣàn lẹ́ẹ̀kan kò bọ́ lọ́wọ́ àtiṣàn lẹ́ẹ̀kejì. Níkẹyìn, ìjọba fi owó ra nǹkan bí ilé 8,000, wọ́n wó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, koríko ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó dun àwọn tó ni ilé gan-an, àwọn mìíràn ò sì fara mọ́ iye tí wọ́n san fún wọn. Síbẹ̀, mo gbà pé ìpinnu tó nígboyà ni láti sọ fún ilé 8,000 pé ibí yìí ò ṣeé gbé.

Òòlù kan àti ìwé kan

Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo èyí ni pé kò ṣòro láti mọ̀ ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á gbẹ́ ihò tóóró sínú ilẹ̀, wọ́n á ki páìpù kan bọ̀ ọ́. Òòlù tó wọn kílò 63.5 á máa já lu páìpù náà láti òkè tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 76. Ẹnì kan á dúró tì í, á máa ka iye ìgbà tí òòlù máa lù ú kí páìpù tó wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30. Bó bá jẹ́ ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún péré, tí ilẹ̀ náà sì jẹ́ iyanrìn tí omi kún, wàhálà ń bẹ. Bó bá jẹ́ ogójì ìgbà, iyanrìn ibẹ̀ kì. Láti ọdún 1971 ni ẹnjiníà méjì, H. Bolton Seed àti I. M. Idriss, ti gbé ọ̀nà ìṣirò tó rọrùn jáde, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣàn, àwọn ẹnjiníà káàkiri ayé sì ti ń lò ó, wọ́n ń tún un ṣe, láti ìgbà náà.

Ó sì ṣeé wò sàn. Lọ́dún 2011, ìmìtìtì ńlá Tohoku mi Urayasu lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tokyo, ìlú tí apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òkun tí wọ́n kún. Ilé tẹ̀, òpó iná wọ́, omi ẹ̀rọ dá. Nínú ìlú yẹn ni Tokyo Disneyland wà. Kí wọ́n tó kọ́ ọ, wọ́n ti ki iyanrìn ibẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ilẹ̀ náà sì dúró. Ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ tí wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ sí, omi àti iyanrìn ló gba ojú rẹ̀. Òkun kan náà ni wọ́n kún, ìmìtìtì kan náà ló mì ín. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni owó tí ẹnì kan gbà láti ná sórí ohun tí ojú ò ní rí.

Nítorí náà ni mo ṣe ka òfin kan sí ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lọ. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Marina, Kalifóníà ṣe òfin kan lọ́dún 1990, Seismic Hazards Mapping Act. Òfin náà ní kí ìjọba ya àwòrán ilẹ̀ tó ń fi ibi tó lè ṣàn àti ibi tó lè ya hàn. Kí èèyàn tó kọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ ilé gbígbé tuntun sí irú ibi bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ilẹ̀ náà wò. Ẹni tó bá sì ń ta ilé níbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó ń rà á.

Ó dára, kò sì tó. Ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí. Ẹni tó háyà yàrá méjì, tí kò ní ra ilé láyé rẹ̀, orí ilẹ̀ kan náà lòun náà ń sùn. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè kó tó sanwó pé kí ni ibí yìí jẹ́ kó tó di ilẹ̀ ilé, kí ni wọ́n fi kún un, báwo ni omi rẹ̀ ṣe jìn sí, kí onílé sì fi ìwé dá a lóhùn. Ìjọba tó lè ka iye ìgbà tí òòlù lu ilẹ̀ lè fi iye náà sí ibi tí gbogbo èèyàn á ti rí i lọ́fẹ̀ẹ́.